Àjàlá Ka Máìlì, Kò Ka Ìwé Ìwọ̀lú Kún

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Kì í ṣe ìwàásù, ìtàn ni.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa níbí ní Ìlọ́fà mú ìwé kékeré kan wá bá wa. Olúwa ti ṣe é lóore. Ilé ìwé kan ní Chicago ti gbà á, ó sì ti rí físà gbà. Ohun tó wà nínú ìwé kékeré náà ni ètò ìrìn àjò kan tó fẹ́ rìn tó bá débẹ̀, nígbà ìsinmi àkọ́kọ́: kó wọ bọ́ọ̀sì ní Chicago, kó sùn ní St. Louis, kó dé Oklahoma City, kó lo ọjọ́ méjì ní Albuquerque, kó wá parí rẹ̀ sí Los Angeles létí òkun. Òun nìkan ṣoṣo o. Ó ti kọ owó ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, ó ti kọ ibi tó máa sùn, ó tilẹ̀ ti ṣírò owó búrẹ́dì. Ó ní ká gbọ́wọ́ lé ìwé náà, ká gbàdúrà sí i.

Inú wa dùn, ká má purọ́. Àwọn tó máa ń wá bá wa fún àdúrà ìrìn àjò, ọ̀pọ̀ wọn ò ní ètò kankan ju "Pásítọ̀, mo fẹ́ jápa" lọ. Èyí jókòó, ó ṣírò. La bá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta lo mọ̀ lọ́nà? Ó dáhùn díẹ̀. Èló ló máa wà lọ́wọ́ rẹ? Ó dáhùn dáadáa. Ọjọ́ wo ni ilé ìwé máa wọlé padà, kí sì ni ìwé tí wọ́n fún ọ sọ nípa ẹni tí wọn ò bá bá nílé ìwé? Ọmọ wò wá, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò le, Pásítọ̀. A máa rí i ṣe tá a bá débẹ̀."

Ibẹ̀ la ti rántí Àjàlá.

Gbogbo wa la mọ orúkọ náà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbélé, Àjàlá là ń pè é. Láti ìgbà tí Ebenezer Obey ti fi í kọrin ní 1972 ló ti di orúkọ gbogbo alárìnkiri, débi pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó wà o. Olábísí Àjàlá lorúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà sì làwọn òbí rẹ̀. Ó kàwé ní Baptist Academy l'Ékòó àti Ibadan Boys' High School kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà pé òun fẹ́ di dókítà. Chicago yìí kan náà ló gbé.

Ohun táwọn ènìyàn máa ń sọ ni pé Àjàlá kàn dìde ni, tó kọrí síbi tí ojú bá gbé e sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Chicago, ó dojú kọ California. Ìrìn náà tó 2,280 máìlì, ọjọ́ 28 ló sì fi rìn ín. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ó ju 80 máìlì lọ lójúmọ́ kan, ìyẹn bíi kìlómítà 130. Láti Ìlọ́fà dé Ìlọrin ò tó bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rẹ̀ wá tá a bá fi mọ́tò lọ tá a fi mọ́tò bọ̀. Ẹsẹ̀ lòun fi ń wa tiẹ̀, fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nínú ooru oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, ní ilẹ̀ tí apá kan rẹ̀ jẹ́ aṣálẹ̀.

Aṣọ wa ló wọ̀. Agbádá àti fìlà. Ó nídìí. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ìgbà náà gbà pé ìhòòhò ni ọmọ Áfíríkà ń rìn, pé orí igi là ń sùn. Sinimá ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Àjàlá fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Nílùú tó bá dé, á bá wọn sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà, bá a ṣe ń gbé àti bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ síwájú lọ́dọ̀ wa. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ló gbé e rìn, kì í ṣe fàájì. Aṣọ yẹn ló sì jẹ́ káwọn oníròyìn máa wá a kiri, torí kò sí oníròyìn tó máa rí ọkùnrin dúdú tó wọ agbádá lórí kẹ̀kẹ́ tó máa gbójú kúrò. (Àwa tá a ti wọ agbádá gun ọ̀kadà lọ sí ìsìnkú ní Ọ̀sí rí mọ ohun tí afẹ́fẹ́ lè fi aṣọ yẹn ṣe. Bí agbádá ò ṣe kó wọ ṣéènì kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ 28, iṣẹ́ ìyanu nìyẹn lójú tiwa.)

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí irú ilẹ̀ tó ń là kọjá. Ní 1952, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé oúnjẹ lè lé aláwọ̀ dúdú padà lẹ́nu ọ̀nà, òtẹ́ẹ̀lì lè sọ fún un pé kò sáyè, kò sì sẹ́ni tó máa bi wọ́n. Àwọn ìlú kan wà tí wọn kì í fẹ́ kí oòrùn wọ̀ kó bá ènìyàn dúdú láàárín wọn. Ó di 1964 kí òfin gbogbo orílẹ̀-èdè náà tó ka irú ìyẹn léèwọ̀. Nítorí náà, kí ènìyàn dúdú tó jáde nílé lọ sọ́nà jíjìn, ó ní láti mọ ibi tó máa sùn, ibi tó máa jẹun, àní ibi tó ti máa ra epo sí mọ́tò. Ọkùnrin kan ní Harlem ní New York, Victor Green, iṣẹ́ pípín lẹ́tà ló ń ṣe, ló ronú kan ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ṣe ìwé kan jáde ní 1936. Green Book ni wọ́n ń pè é. Ó to orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ, ilé epo, ilé onígbàjámọ̀, àti ilé àwọn tó ṣetán láti gba àlejò dúdú sínú yàrá wọn, láti ìlú dé ìlú. Bí ọgbọ̀n ọdún ni ìwé náà fi ń jáde.

Ẹ rí i, ètò ìrìn àjò àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, orúkọ ẹni ló kún inú rẹ̀. Ọmọ wa kọ "St. Louis" sínú ìwé tiẹ̀. Ìlú nìyẹn. Ta ló fẹ́ lọ bá níbẹ̀?

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ẹran ara nìyẹn, pé ẹni tó bá nígbàgbọ́ kì í wá ẹni tó mọ̀. Àpósítélì Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá tó múlé gbè wá yìí, tí wọ́n bí ní 1904, tí Olúwa pè nígbà tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ní 1928, kò dá lọ sí Gold Coast ní 1936. Àwọn kan bá a lọ. Nígbà tí wọ́n dé Accra, àwọn kan tó ti rí i nígbà ìsọjí ńlá ní Nàìjíríà wà níbẹ̀ tí wọ́n dá a mọ̀. Bí ẹni tí Ọlọ́run lò tó báyẹn bá lálábàárìn, tó tún lójúlùmọ̀ níwájú, kí la fẹ́ sọ? Pọ́ọ̀lù náà, ẹ lọ ka Róòmù orí 15. Spéènì ló ń lọ, ó kọ̀wé ṣáájú sí Róòmù pé òun máa yà sọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n sì ran òun lọ́wọ́ lẹ́nu ìrìn náà. Ètò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Los Angeles. Àjàlá gúnlẹ̀. Àwọn oníròyìn yà á ní fọ́tò, Hollywood sì fún un ní ipa nínú fíìmù kan, White Witch Doctor, tó jáde ní 1953. Ọmọ tó fi kẹ̀kẹ́ wọ̀lú ti wà láàárín àwọn òṣèré! Àmọ́ ìwé tó fi wọ Amẹ́ríkà, ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹni tó bá fi ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, inú kíláàsì ni ìjọba ń retí pé àwọn máa bá a. Nígbà tí àwọn aláṣẹ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí lẹ́nu ẹ̀kọ́ bó ṣe yẹ, kó máa padà lọ. Àjàlá kọ̀ jálẹ̀. Ó gun òpó rédíò kan tó ga tó 80 ẹsẹ̀ bàtà, ó ní òun ò sọ̀ kalẹ̀. Ta ló lè gbé orí òpó títí? Ilẹ̀ ló padà dé, wọ́n sì mú un kúrò nílùú.

Tá a bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òpó àti ilé ìṣọ́, Lúùkù orí 14 làwa oníwàásù máa ń sáré lọ, níbi tí Olúwa wa ti sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́lé tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò. A ò ní lọ síbẹ̀ lónìí, torí Àjàlá ṣírò. Ó ṣírò ọ̀nà, ó ṣírò aṣọ, ó ṣírò ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ìwé kan péré ni kò kà kún. Ìyẹn ló dùn wá nínú ìtàn náà. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀lẹ tó ṣubú, a ti ń retí ìṣubú rẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ la Amẹ́ríkà kọjá ni ọ́fíìsì ìjọba wá dá dúró.

Kò jẹ́ kí ìyẹn pa òun o, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ó bọ́ sí London, nígbà tó sì yá ó gun alùpùpù Vespa, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ó dé Íńdíà, ó dé Rọ́ṣíà, ó dé Ísírẹ́lì, Íjíbítì, Ọsirélíà. Nehru gbà á lálejò, Golda Meir gbà á lálejò. Ní 1963 ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, An African Abroad. Ní 1999 ló kú l'Ékòó. Ẹni tó bá rí ìwé yẹn rà, kó rà á.

Nehemáyà ló máa ń wá sọ́kàn wa tá a bá rántí òpó yẹn. Ìwé rẹ̀, orí kìíní àti ìkejì. Ọkùnrin yìí wà ní Ṣúṣánì, ní ààfin ọba Páṣíà, ní bí ọdún 445 kí Olúwa wa tó wá sáyé, ó sì gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó. Ó sunkún, ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà fún bí oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí ọba bi í pé kí ló fẹ́, ó tún gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run níbẹ̀. Kí ló wá béèrè? Ó dá ọjọ́ tí òun máa padà fún ọba. Ó béèrè fún lẹ́tà sí àwọn gómìnà òkè odò, kí wọ́n lè jẹ́ kí òun kọjá títí òun á fi dé Júdà. Ó béèrè fún lẹ́tà sí Ásáfù tó ń ṣọ́ igbó ọba, kó lè fún òun ní igi. Oṣù mẹ́rin lórí eékún, ó ṣì gba físà! Àwọn kan nínú wa máa ń ṣe bí ẹni pé àdúrà ti dípò ìwé.

Ẹ̀yin àgbà inú wa náà á rántí Ghana. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìníṣà, Ìlọrin ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́ láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjà dé ọjà, títí dé Kumasi, títí dé Tamale lókè lọ́hùn-ún. Ní ti ètò, a ò rí irú tiwọn. Ẹni tó ṣáájú á gba ẹni tó ń bọ̀ sílé, á kọ́ ọ lówò, á gbé ọjà àwìn lé e lọ́wọ́, á sì sọ ibi tó kù tó lè lọ dúró sí fún un. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà ń sọ èdè ibẹ̀ bí onílẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó wá a rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Òfin tó le ni, a ò sì ní gbè é lẹ́yìn láé. Ẹni tó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ń ta ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kó lè rówó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni kò ronú kan ìwé náà rí, torí kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n mọ gbogbo ọ̀nà, wọ́n mọ gbogbo ènìyàn.

Gbogbo èyí la rò fún ọmọ wa lọ́jọ́ Àìkú yẹn, a ò tí ì gbọ́wọ́ lé ìwé rẹ̀. A ní kó mú un lọ sílé. Kò dùn mọ́ ọn nínú, a rí i lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ pè wá lálẹ́ pé ṣé a rí ìran kan ni. A ní rárá, Màámi, kàlẹ́ńdà la rí.

Ọjọ́rú ló padà wá sí ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Ó ti fi gègé pupa kọ ọjọ́ tí ilé ìwé máa wọlé padà sí òkè ojú ewé àkọ́kọ́, ó kọ ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ máa parí sábẹ́ rẹ̀, ó sì ti yọ Albuquerque kúrò kó lè padà dé Chicago ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Ó ti kọ lẹ́tà sí ilé ìwé náà láti béèrè ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ rìnrìn àjò mú dání. Àwọn alàgbà dúró yí i ká, a gbọ́wọ́ lé ìwé kékeré náà, a gbàdúrà.

Ó rí ẹni tó máa gbà á ní Oklahoma City àti Los Angeles. St. Louis ló kù. Ẹni tó bá ní ará níbẹ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́wọ́ wa ní ìkọ̀kọ̀.