Ìléru Kú, Ó Ku Àgbẹ̀dẹ

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn ń lọ sí Ọ̀yọ́ yóò gba Fìdítì kọjá. Ìlú àgbẹ̀ ni, kò sì sí àgbẹ̀ tí kò mọ ọ̀nà ilé alágbẹ̀dẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ́ àti àdá ti ń wá. Ṣùgbọ́n níbo ni alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ti ń rí irin tí ó ń rọ?

Iṣẹ́ méjì ni iṣẹ́ irin ní ilẹ̀ Yorùbá: yíyọ́ irin àti rírọ irin. Ẹta ni àwọn baba wa ń pe òkúta tí irin wà nínú rẹ̀. Samuel Johnson, tí ó jẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́, sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921 pé láti ara ọ̀rọ̀ yìí ni Ẹlẹ́ta ní Ìbàdàn ti gba orúkọ. Ní 1904, òyìnbó kan, C. V. Bellamy, kọ̀wé nípa Ola-Igbi ní agbègbè Ọ̀yọ́, abúlé àwọn ayọ́rin. Wọn a wa ẹta, wọn a sun ún, wọn a gún un, wọn a sì fi omi ṣàn án. Lẹ́yìn náà ni wọn a kó o sínú ìléru alámọ̀ pẹ̀lú èédú àti ìdàrọ́ iṣẹ́ ìṣáájú. Wọn kì í fi ẹwìrì fẹ́ iná rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé.

Kí ni ó pa iṣẹ́ yìí? Kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Ọ̀pọ̀ irin òyìnbó ni. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó túbọ̀ rọrùn láti kó o wọ inú ilẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ó rí irin rà lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú kò ní dúró de ẹni tí ń wa ẹta. Iná ìléru kú, ṣùgbọ́n owú kò dákẹ́.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni irú èyí bá. Ní Remscheid, ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi ọwọ́ rọ ayùn, dòjé, àti irin ìsàlẹ̀ bàtà tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí omi dídì. Ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n a kó irinṣẹ́ ìlú náà pa mọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ìwé àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè pa ohun mọ́. Ẹnu ni ó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ọ́ nínú ìdánwò pé bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, kí ó má sì mọ ẹmú yàtọ̀ sí ọmọ-owú. Ilé alágbẹ̀dẹ kò jìnnà. Kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n sì béèrè orúkọ ohun gbogbo nígbà tí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà nídìí ẹwìrì.