Ojúde Tí Kò Ní Pèpéle

Ọdún méjì ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ gbé lẹ́tà kiri àwọn ilé gíga Manhattan, ní New York. Tí ọ̀sán bá pọ́n, mi ò wá oúnjẹ, oúnjẹ wà nínú àpò mi. Ibi tí mo máa fìdí lé ni mo ń wá.

Iwájú ilé Seagram ní Park Avenue ni mo sábà máa ń yà sí. Mies van der Rohe, ọmọ Jámánì, ló ya àwòrán rẹ̀, Philip Johnson sì bá a lọ́wọ́ sí i. Ọdún 1958 ni wọ́n parí rẹ̀, ó ga ní àjà 38. Àwọn ilé yòókù gún mọ́ etí títì, ṣùgbọ́n Mies fa tirẹ̀ sẹ́yìn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 90. Ó fi òkúta tẹ́ gbogbo iwájú rẹ̀, ó gbẹ́ adágún méjì sí i, ó sì mọ ògiri kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ilẹ̀ olówó iyebíye nìyẹn, tó fi sílẹ̀ lásán! Orí ògiri kúkúrú yẹn ni èmi àti àwọn akọ̀wé máa ń tò sí bí ẹyẹ lékèélékèé. Wọ́n ní ó ya Mies fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé àwọn èèyàn ń jókòó síbẹ̀.

Ìjọba ìlú náà rí i, ó wù wọ́n, ni wọ́n bá ṣòfin lọ́dún 1961: ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan sílẹ̀ fún ará ìlú, yóò gba mẹ́wàá kún ilé rẹ̀ lókè. Èrè mẹ́wàá lórí ọ̀kan, ta ni yóò kọ̀ ọ́? Gbàgede bá ń hù kiri bí olú. Àmọ́ òfin ò dárúkọ ìjókòó. Àjà ni àwọn onílé ń fẹ́, wọn ò fẹ́ wa. Mo rí èyí tí wọ́n ri irin ṣóńṣó mọ́ etí ògiri rẹ̀, bí ẹni ń lé àdàbà. Níbì kan, ọlọ́dẹ ká mi mọ́bi tí mo ti ń jẹ ẹ̀bà nínú ike. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dìde, ẹ̀ ń ba iwájú ilé jẹ́."

Ọkùnrin oníròyìn kan, William H. Whyte, ló tú àṣírí wọn. Ó gbé kámẹ́rà sókè ilé, ó ń ka èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó rí kò ju èyí lọ: ibi tí ìjókòó bá wà ni èèyàn ń jókòó sí. Nítorí rẹ̀ ni òfin ọdún 1975 fi pàṣẹ ẹsẹ̀ bàtà ìjókòó kan fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 30 ilẹ̀ gbàgede.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ta ló kọ́lé láyé bàbá mi àgbà tí kò mọ pèpéle síwájú rẹ̀? Amọ̀ ni tiwa, ìdí àwọn àgbà ti dán an bíi dígí. Ibẹ̀ ni bàbá ti ń dá "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" padà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ibẹ̀ náà ni àlejò ti ń mu omi kó tó sọ ohun tó bá wá. Kò sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀.

Whyte ní kí ìjókòó fẹ̀ tó ìdí méjì, kí ẹni méjì lè kẹ̀yìn síra. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ya àwòrán báńkì l'Ékòó, ìwọ̀n yẹn gan-an ni kí ẹ lò.