Kẹ̀kẹ́ ọparun ní Kumasi: Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gùn ún mọ̀

Ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, ọparun ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan fi ń ṣe férémù kẹ̀kẹ́. Bernice Dapaah wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ Ghana Bamboo Bikes Initiative tó ń ṣe é sílẹ̀.

Àmọ́ bí férémù ti wù kó le tó, bíréèkì ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró. Kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún jáde, ó yẹ kó tẹ bíréèkì méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ṣì ń yí, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ló kàn, kì í ṣe títì.

Bí fáníìṣì ara ọparun bá bó, omi òjò lè wọlé kó sì mú un jẹrà. Bí oríkèé férémù bá sán, kò ṣeé gùn títí wọn yóò fi tún un ṣe. Epo díẹ̀ ló tó ṣéènì, torí àpọ̀jù epo máa ń kó eruku.

Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà ní Ghana láti ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, ọdún 1974. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́: kó máa tẹ̀lé ọkọ̀, kó má dojú kọ ọ́. Kó sì jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀yìn trotro, ìyẹn ọkọ̀ akérò bíi dánfó, tó lè dúró lójijì láti gbé èrò.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, iná funfun níwájú àti pupa lẹ́yìn ni awakọ̀ yóò fi rí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Akoto gbọ́dọ̀ bo iwájú orí, kí okùn rẹ̀ sì fún mọ́ àgbọ̀n.