Anthony Nesty, Òmùwẹ̀ Ilẹ̀ Súrínámù

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá ronú kan Súrínámù, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní etí òkun, ní ìhà àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1988, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó ìdajì mílíọ̀nù, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo tí ó gùn tó mítà 50 ni wọ́n sì ní. Síbẹ̀, ní ọdún náà gan-an, ọmọ ilẹ̀ yìí kan borí àgbà òmùwẹ̀ Amẹ́ríkà lójú gbogbo ayé. Anthony Nesty ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí mo gbà pé ó kàn wá.

Kí n tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo irọ́ kan tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, pé a kò dá ènìyàn dúdú fún omi. Ní oṣù kẹrin ọdún 1987, Al Campanis, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ Dodgers ti Los Angeles, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ara ènìyàn dúdú kì í léfòó, òun ni wọn kò fi mọ̀wẹ̀ dáadáa. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Pieter de Marees, ará Họ́láńdì kan, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1602 pé àwọn ará etíkun Gold Coast mọ omi í wẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì lè pẹ́ lábẹ́ omi. Àwa tí a ń kọ́ èdè pàápàá mọ̀ pé ohun tí àwọn ènìyàn kan kò bá mọ̀, wọn kì í ní orúkọ fún un. Ta ni ó wá kọ́ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ náà "òmùwẹ̀"?

Ta ni ó wá gba omi lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tí a kó kọjá òkun? Ní Súrínámù, àwọn ará Họ́láńdì fi wọ́n ṣe ẹrú ní oko ìrèké títí di ọdún 1863. Ní Amẹ́ríkà, òfin àti àṣà dí wọn lọ́nà àtiwọ ọ̀pọ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó dé etí omi, níbo ni yóò ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́?

A bí Nesty ní Trinidad ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1967, a sì gbé e lọ sí Súrínámù nígbà tí ó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ọjọ́ tí ó pé ọmọ ọdún 8 gẹ́lẹ́ ni Súrínámù gba òmìnira. Ó lọ sí eré Òlíḿpíìkì ti Los Angeles ní 1984, ipò 21 ni ó wà nínú ìlúwẹ̀ẹ́ labalábá onímítà 100. Kò bọ́hùn. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bolles ní Florida, ó tẹpá mọ́ṣẹ́.

Ní Seoul, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1988, Matt Biondi ará Amẹ́ríkà ni ó ṣíwájú. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé ògiri, apá rẹ̀ kò bọ́ sí déédéé. Kò ju apá mọ́, ó na ara rẹ̀, ó ń retí kí omi gbé òun débẹ̀. Nesty kò sinmi ní tirẹ̀, ó ju apá títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ògiri. Ìṣẹ́jú àáyá 53.00 ni Nesty lò, Biondi lo 53.01. Báyìí ni ó di ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó dá gba wúrà nínú ìlúwẹ̀ẹ́ Òlíḿpíìkì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ayọ̀ kún Paramaribo. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn eré ìdárayá, wọ́n sì fi pe ọkọ̀ òfúrufú. Ó ṣeni láàánú pé ọkọ̀ náà já ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1989, ènìyàn 176 sì kú.

Nesty gba wúrà ìdíje àgbáyé ní Perth ní 1991, ó gba idẹ ní Barcelona ní 1992, ó sì fẹ̀yìn tì. Ó di olùkọ́ni ní Yunifásítì Florida. Nígbà tí ó di Paris 2024, òun ni olórí àwọn olùkọ́ni fún àwọn ọkùnrin òmùwẹ̀ Amẹ́ríkà, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé ipò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Títí Paris 2024 fi parí, ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì méjì péré ni Súrínámù ní, Nesty ni ó gba méjèèjì. Kí a fi orúkọ akọni sára ilé dára, ṣùgbọ́n ó dára jù kí ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn rí omi tí yóò ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́.