Èékánná Jẹ́ẹ̀lì Tó Ń Ṣí, Tó Sì Ń Dunni: Ẹ Má Tíì Sáré Fi Gúlúù Lẹ̀ Ẹ́ Padà

Bí ìgbéyàwó àti ọdún bá ti ń sún mọ́lé nílẹ̀ Okun, ọwọ́ àwọn tó ń fíìsì èékánná ní Kabba kì í dilẹ̀. Èékánná jẹ́ẹ̀lì ti gbòde: ó gùn, ó ń dán, ó sì bá aṣọ ẹbí mu. Àmọ́ ẹni tó fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì á padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀ láti bó, iyán wà láti gún, abọ́ àti aṣọ wà láti fọ̀. Nígbà tó bá fi tó ọ̀sẹ̀ méjì, etí èékánná kan lè ti máa ṣí. Bí nǹkan bá kàn án báyìí, ó ń dunni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi gúlúù díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé omi àti ìdọ̀tí tó ti wọ abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dé mọ́bẹ̀ yẹn.

Oríṣi ṣíṣí méjì ló wà

Èkíní ni kí jẹ́ẹ̀lì ṣí kúrò lórí èékánná. Èékánná gidi tó wà nísàlẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ẹran ìka, kò sì dunni. Eléyìí kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni kí èékánná gidi fúnra rẹ̀ ṣí kúrò lára ẹran. Ibi tó bá ti ṣí máa ń funfun tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Bí ọ̀dà bá bo èékánná, ẹ yí ọwọ́ padà kí ẹ wò ó láti abẹ́. Ibi tó ti ṣí báyìí kì í lẹ̀ padà mọ́. Tuntun ló máa hù láti ìdí wá.

Kí ló ń fà á?

Ohun tó ń fà á pọ̀. Ó lè jẹ́ pé òróró tàbí omi wà lórí èékánná nígbà tí wọ́n ń fi jẹ́ẹ̀lì sí i, tàbí pé jẹ́ẹ̀lì kan awọ ara tó yí i ká. Bí èékánná bá gùn jù, bó bá ṣe ń kọ́ nǹkan ló máa ń fà á sókè láti ìdí. Omi àti ọṣẹ náà ń bá a jà lójoojúmọ́.

Fáìlì tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rin èékánná jù, yóò fẹ́lẹ́, ìrora á sì tètè dé ẹran. Ẹni tí èékánná rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ lè rí i pé ó ń jó òun bí iná nígbà tó bá ki ọwọ́ sábẹ́ iná UV, torí pé jẹ́ẹ̀lì máa ń gbóná bó ṣe ń le. Ẹ má ṣe mú un mọ́ra. Ẹ fa ọwọ́ yọ, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń ṣe é.

Bí ó bá ní àwọ̀ ewé

Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Pseudomonas. Ó fẹ́ràn ibi tó tutù, tí atẹ́gùn kò dé, abẹ́ èékánná tó ṣí sì bá a lára mu gan-an. Àwọ̀ ewé tàbí dúdú tó dà bí ewé ló máa ń fi síbẹ̀. Ẹ má kun ọ̀dà bò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ jẹ́ẹ̀lì náà kúrò, kí ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì fi han nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Bí ara bá kọ̀ ọ́

Bí etí èékánná bá ń yún yín, tó pọ́n, tó wú tàbí tó ń lé róro, ó lè jẹ́ pé ara yín kọ èròjà inú jẹ́ẹ̀lì. Nígbà míì, ìpéǹpéjú tàbí ọrùn ló máa yún, torí ọwọ́ ló ń kàn wọ́n. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Britain kìlọ̀ fáwọn aráàlú nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ara tó bá ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà gbà á mọ́ títí ayé. Irú èròjà kan náà wà nínú ohun tí wọ́n fi ń dí ihò eyín, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà eyín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn oníṣẹ́ èékánná fúnra wọn jù, torí ojoojúmọ́ ni ọwọ́ wọn ń kan jẹ́ẹ̀lì tútù. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ ọ́ lè pàdánù iṣẹ́ tó fi ń jẹun.

Bí a ṣe ń yọ ọ́

Bí ojú egbò bá wà níbẹ̀, tàbí tó ń ṣọyún, ẹ má yọ ọ́ fúnra yín. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Bí kò bá sí egbò:

1. Ẹ gé e kúrú, kí ẹ fi fáìlì rin orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
2. Ẹ fi vaselíìnì tàbí òrí pa awọ ara tó yí i ká.
3. Ẹ fi òwú tó rin fún acetone lé e, kí ẹ fi fọ́ìlì wé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ má ṣe é nítòsí sítóòfù tàbí àdògán, torí acetone tètè ń gbiná.
4. Ẹ rọra tì í kúrò. Bí kò bá tíì rọ̀, ẹ tún un wé. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí eyín ṣí i.

Àwọn jẹ́ẹ̀lì líle kan wà tí acetone kì í yọ́. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó fi fáìlì rin ín kúrò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́ tán

Ẹ gé ibi tó ṣí kúrú, kó má baà máa kọ́ nǹkan. Ẹ má ki igi tàbí abẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀ láti nù ún. Bí ẹ bá fọwọ́ tán, ẹ nù ún gbẹ dáadáa. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà bí ẹ bá ń fọṣọ tàbí tí ẹ ń fọ ẹ̀gẹ́, kí ẹ sì máa fi òrí pa á lálẹ́.

Èékánná ọwọ́ ń hù tó mìlímítà 3 lóṣù, nítorí náà ó lè tó oṣù 6 kí odindi rẹ̀ tó pààrọ̀. Títí tuntun yóò fi hù dé òkè, ẹ má fíìsì lé e lórí. Bí òde bá wà, làálì ṣì wà níbẹ̀, kò nílò gúlúù, kò sì nílò fáìlì. Ẹ ṣáà rí i pé làálì gidi ni, torí àwọn kan ń po kẹ́míkà mọ́ ọn kó lè dúdú.

Ẹ má fi falẹ̀ bí ẹ bá rí èyí

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà bí ìka bá wú, tó gbóná, tó ń ta yín kìkì. Bí ọyún bá ń jáde. Bí pípọ́n náà bá ń gun ọwọ́ lọ. Tàbí bí ibà bá tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi dé bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára ilé ìwòsàn tó wà nítòsí lọ, wọn á kọ̀wé gbé yín lọ sí Lọ́kọ́jà.

Nígbà míì tí ẹ bá tún fẹ́ fíìsì, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ lò, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Ẹ sọ pé kí wọ́n má gé e gùn jù. Bó bá sì dùn yín nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ẹ sọ̀rọ̀ síta. Ìrora kì í ṣe ara ẹwà.