Ìṣàn àti Ìfò: Ìtàn Ìdọ́gba Ìṣirò tí ó So Ìyípadà Oríṣi Méjì Pọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣe wá ọ̀nà láti fi ìdọ́gba kan náà ṣàlàyé ohun tí ó ń yí padà láìdúró àti ohun tí ó ń yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, a sì dé orí iṣẹ́ Stefan Hilger ní ọdún 1988. A fi hàn pé irú àkókò tí a bá yàn fún ìdọ́gba lè yí ìdáhùn rẹ̀ padà pátápátá, àti pé ó yẹ kí olùkọ́ ìṣirò mọ èyí dáadáa.

Ìfáárà

Ọmọ ilé-ìwé ń dàgbà ní ìṣẹ́jú gbogbo. Kò sí wákàtí kan tí a lè tọ́ka sí pé ìgbà yìí ni ó ga sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni ó ń gba kíláàsì tuntun. Bákan náà ni iṣu ṣe ń ta nínú ebè lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ojú rí i, síbẹ̀ ọjọ́ kan ni àgbẹ̀ ń wà á, tí iye iṣu inú oko yóò sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oríṣi ìyípadà méjì ni èyí. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó máa pe ti àkọ́kọ́ ní ìyípadà aṣàn, nítorí pé ó ń ṣàn bí odò. A ó sì máa pe ti èkejì ní ìyípadà afò, nítorí pé ó ń fò láti ipò kan bọ́ sí òmíràn láìfẹsẹ̀ kan àárín.

Nínú ayé tí a ń gbé, àwọn méjèèjì kì í sábà dá rìn. Inú ọmọ kan náà ni ìdàgbàsókè àti ìgbakíláàsì wà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìṣirò, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a kọ́ fún wọn fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ìtàn bí ilé méjèèjì ṣe wá di ọ̀kan ni a fẹ́ sọ.

Ilé Méjì Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Láàárín ọdún 1665 sí 1666, Isaac Newton ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ronú jinlẹ̀ lórí bí a ṣe lè wọn ìyára ohun tí kò dúró sójú kan. Orúkọ tí ó fún ìyára náà wá láti inú ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí ṣíṣàn. Gottfried Leibniz ti ilẹ̀ Jámánì náà dá ṣàwárí ọ̀nà yìí, ó sì tẹ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1684. Láti ibẹ̀ ni kálíkúlọ́ọ̀sì ti wá, inú rẹ̀ sì ni a ti bí ìdọ́gba aṣàn, èyí tí ó ń sọ bí ìyára ìyípadà nǹkan ṣe bá iye nǹkan náà tan.

Kò pẹ́ tí ilé kejì fi dìde. Ní ọdún 1715, Brook Taylor tẹ ìwé kan jáde lórí ìṣirò ìyàtọ̀ láti ìgbésẹ̀ kan sí èkejì. Ní ọdún 1860, George Boole kọ odindi ìwé lórí ẹ̀ka yìí kan náà. Nínú ìdọ́gba afò, a kì í béèrè bí nǹkan ṣe ń sáré tó ní ìṣẹ́jú yìí. Ohun tí a ń béèrè ni pé, bí iye tòní bá jẹ́ èyí, kí ni ti ọ̀la yóò jẹ́?

Àwọn àgbà mọ̀ pé ẹbí ni ilé méjèèjì. Ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Jacob Bernoulli ṣe ìwádìí lórí èlé orí owó. Bí náírà 1 bá ń mú èlé ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wá lọ́dún, tí a sì san èlé náà lẹ́ẹ̀kan, náírà 2 ni a ó bá lópin ọdún. Bí a bá san án lẹ́ẹ̀mejì, tí èlé sì ń bí èlé, yóò di 2.25. Lẹ́ẹ̀méjìlá, yóò di nǹkan bí 2.613. Bí a bá ń san án lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 365, yóò di nǹkan bí 2.715. Bí ìfò ṣe ń kéré sí i ni iye náà ń sún mọ́ nọ́ńbà tí a ń pe ní e lónìí, èyí tí í ṣe 2.718 àti díẹ̀. Ìfò tí ó kéré títí ti di ìṣàn. Ní ọdún 1768, Leonhard Euler lo ọgbọ́n kan náà nígbà tí ó fi ìgbésẹ̀ kéékèèké wá ìdáhùn ìdọ́gba aṣàn tí ọwọ́ kò lè tètè tú. Títí di òní, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kò jìnnà sí èyí.

Ibi tí Ọ̀rọ̀ Ti Dojú Rú

Nítorí iṣẹ́ Bernoulli àti Euler, ó rọrùn láti rò pé ọ̀kan náà ni ìṣàn àti ìfò, àti pé a lè fi èyí tí ó bá wù wá rọ́pò èkejì. Ìṣirò iye ènìyàn àti ẹranko ni ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1798, Thomas Malthus sọ pé iye ènìyàn a máa di ìlọ́po bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Ní ọdún 1838, Pierre-François Verhulst ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ṣe àtúnṣe sí i. Ó ní bí iye bá ti ń pọ̀ sí i ni oúnjẹ àti ààyè yóò máa dín kù, tí ìdàgbàsókè yóò sì máa falẹ̀. Ìdọ́gba aṣàn ni ó lò. Ìwà ìdọ́gba náà tutù. Bí iye ìbẹ̀rẹ̀ bá ṣáà ti ju òdo lọ, ì báà kéré, ì báà pọ̀, yóò rọra lọ bá òpin kan, yóò sì dúró síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kòkòrò kì í bímọ lójoojúmọ́. Ìran kan a yé ẹyin, a kú tán, kí ìran kejì tó pa. Fún irú wọn, ìdọ́gba afò ni ó yẹ. Ní ọdún 1976, Robert May, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature. Ó yẹ ìdọ́gba afò tí ó bá ti Verhulst dọ́gba wò:

x(n+1) = r · x(n) · (1 − x(n))

Bí r bá jẹ́ 2, iye náà a fìdí kalẹ̀ sí 0.5, gẹ́gẹ́ bí Verhulst yóò ti retí. Bí r bá jẹ́ 3.2, kò ní fìdí kalẹ̀ mọ́. Yóò máa fò láàárín nǹkan bí 0.513 àti 0.799, ọ̀pọ̀ lọ́dún yìí, díẹ̀ lọ́dún tí ó ń bọ̀. Bí r bá sì ti kọjá nǹkan bí 3.57, ní ọ̀pọ̀ ibi, iye náà yóò máa ta gìrì kiri láìní ìlànà tí ojú lè rí, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ó ń tì í láti ìta. Àlàyé kan náà ni Verhulst àti May ṣe nípa oúnjẹ àti ààyè. Àkókò ni wọ́n fi yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fi ìṣàn rọ́pò ìfò níbi tí kò yẹ lè sọ fún àgbẹ̀ pé kòkòrò oko rẹ̀ yóò rọlẹ̀, nígbà tí wọ́n ń gbára dì láti pọ̀ sí i ní àsìkò tí ó ń bọ̀.

Ìdọ́gba tí Ó Ń Ṣàn tí Ó Sì Ń Fò

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìsopọ̀ wáyé ní Ìṣọ̀kan Sófíẹ̀tì ìgbà náà. Ní ọdún 1960, V. D. Milman àti A. D. Myshkis tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ohun tí ó ń ṣàn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí nǹkan máa ń gbá lójijì ní àwọn ìgbà kan. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn, àti ní ọdún 1989, Lakshmikantham, Bainov àti Simeonov kó ìmọ̀ náà jọ sínú ìwé kan.

Lílo oògùn ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Ẹ jẹ́ kí a mú oògùn kan tí ara máa ń lé ìdajì rẹ̀ jáde láàárín wákàtí 6. Bí aláìsàn bá lo mílígíráàmù 400, ìṣàn ni bí ó ṣe ń dín kù. Bí ó bá lo òmíràn lẹ́yìn wákàtí 6, ìfò nìyẹn: 200 tí ó ṣẹ́kù yóò di 600. Lẹ́yìn èyí yóò di 700, lẹ́yìn náà 750, lẹ́yìn náà 775, títí yóò fi sún mọ́ 800, tí kò sì ní kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá ń kan aláìsàn náà, tí ó sọ wákàtí 6 di 3, iye tí yóò máa wà nínú ara rẹ̀ lẹ́yìn lílò kọ̀ọ̀kan yóò lọ sí nǹkan bí 1366. Oògùn kò yí padà, ìwọ̀n kò yí padà, àkókò ìfò nìkan ni ó yí padà. Ìdí nìyí tí àṣẹ "wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà" fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìgbọràn.

Irú ìrònú yìí wọ inú ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú. Ní ọdún 1993, Zvia Agur àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò gbé e yẹ̀ wò bóyá fífún ọ̀pọ̀ ọmọdé ní àjẹsára ìgbóná-eéyi lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn ọdún mélòó kan síra, lè dí àrùn náà lọ́wọ́. Àrùn ń ràn bí ìṣàn. Ọjọ́ àjẹsára ni ìfò. Àwọn òbí ní Nàìjíríà mọ ọjọ́ irú bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń ti ojúlé dé ojúlé kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé kòkòrò àrùn rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Hilger àti Òṣùwọ̀n Àkókò

Títí dé ibí yìí, ìdọ́gba aṣàn ni a ń so ìfò mọ́. Ní ọdún 1988, ní Yunifásítì Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Stefan Hilger béèrè ìbéèrè mìíràn nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, tí Bernd Aulbach bójú tó: ṣé a kò lè kọ ìmọ̀ kan ṣoṣo, kí ìṣàn àti ìfò jẹ́ ọmọ rẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Ó ní kí a kọ́kọ́ yan òṣùwọ̀n àkókò, èyíinì ni àkópọ̀ àwọn ìgbà tí ohun kan lè ṣẹlẹ̀ lórí ìlà nọ́ńbà. Ó lè jẹ́ gbogbo ìlà náà láìsí àlàfo. Ó lè jẹ́ 0, 1, 2, 3 nìkan. Ó sì lè jẹ́ apá kan tí ó lọ gbọọrọ, kí àlàfo tẹ̀lé e, kí apá mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Fún ìgbà t kọ̀ọ̀kan, a ó wá ìgbà tí ó kàn, a ó pè é ní σ(t). Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, a ó yọ iye ti t kúrò nínú iye ti σ(t), a ó sì fi gígùn àlàfo náà pín in. Bí kò bá sí àlàfo, a ó ṣe bí Newton àti Leibniz ti ṣe.

Ẹ wo t². Nínú ìlànà Hilger, ìyára ìyípadà rẹ̀ ni t + σ(t). Níbi tí kò sí àlàfo, σ(t) kò yàtọ̀ sí t, nítorí náà a ó rí 2t, èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kálíkúlọ́ọ̀sì mọ̀. Níbi tí àlàfo jẹ́ 1, a ó rí 2t + 1. Ẹ dán an wò: láti 3 sí 4, 9 di 16, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 7, èyí tí í ṣe 3 + 4. Òfin kan ṣoṣo ni ó bí ìdáhùn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìdọ́gba tí ó sọ pé ìyára ìyípadà y jẹ́ y fúnra rẹ̀, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti 1. Lẹ́yìn àkókò 2, ìṣàn pátápátá yóò fún wa ní nǹkan bí 7.39. Ìfò pátápátá yóò fún wa ní 4. Bí ó bá ṣàn láti 0 dé 1, tí ó sì fò láti 1 sí 2, nǹkan bí 5.44 ni. Ìdọ́gba kan, ìdáhùn mẹ́ta. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lọ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí òun ń tọ̀.

Ní ọdún 1990 ni Hilger tẹ iṣẹ́ náà jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2001, Martin Bohner àti Allan Peterson kọ ìwé tí ó tan ìmọ̀ yìí ká ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀dá kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó bá a mu gan-an: kòkòrò olóhùn kan tí ó ń gbé inú ilẹ̀ fún ọdún 13 tàbí 17, tí yóò jáde fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí yóò yé ẹyin, tí yóò sì kú. Ní ọdún 2024, ọ̀wọ́ ọlọ́dún 13 kan àti ọ̀wọ́ ọlọ́dún 17 kan jáde pọ̀. Ọdún 1803 ni àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì ti ṣe irú rẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí 13 lọ́nà 17 jẹ́ 221.

Ohun tí Ó Kan Olùkọ́ Wa

Ilẹ̀ Nàìjíríà kì í ṣe àlejò nínú ẹ̀ka yìí. Chike Obi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge ní ọdún 1950 lórí ìdọ́gba aṣàn, J. O. C. Ezeilo sì gba tirẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1959. Àwọn méjèèjì kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ti èdè, iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Babátúndé Fáfúnwá ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kíláàsì ni a ti ń kọ́ ọmọ ní àtòtẹ̀lé nọ́ńbà àti èlé orí èlé ní sáà kan, tí a ń kọ́ ọ ní kálíkúlọ́ọ̀sì ní sáà mìíràn, láìsọ fún un pé ẹbí ni wọ́n. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí olùkọ́ tó kọ ìdọ́gba sójú pátákó, kí ó bi àwọn ọmọ pé: ìgbà wo ni nǹkan yìí ń yí padà? Ṣé nígbà gbogbo ni, àbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àbí méjèèjì? Ìbéèrè yìí kò nílò kọ̀ǹpútà, èdè abínibí sì tó o ṣe.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìṣàn àti ìfò bẹ̀rẹ̀ bí ilé méjì, pé May fi hàn pé ọ̀kan kò lè ṣojú èkejì láìbi í bóyá ó yẹ, àti pé Hilger fi òṣùwọ̀n àkókò kó wọn sábẹ́ òrùlé kan. Ọmọ tí ó mọ̀ pé àkókò jẹ́ apá kan ìdọ́gba yóò ka ìwé oògùn, ìwé èlé báǹkì àti ìròyìn àjàkálẹ̀ àrùn pẹ̀lú ojú tí ó là. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti la ojú náà.