Láti Ọ̀dọ̀ Ológò dé Inú Fóònù: Ìtàn Orúkọ Onígbèsè ní Etíkun Èkó

Kí ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Lẹkki àti Ajah kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni òwò àwìn ti wà ní etíkun náà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ̀dó sí. Àdéhùn ọdún 1854 fún un láyè láti máa ṣòwò ní èbúté Palma. Ní 1863 ni Palma àti Lẹkki bọ́ sábẹ́ ìjọba Èkó. Epo pupa ni ọjà ibẹ̀. Ní gbogbo etíkun yìí nígbà náà, òyìnbó oníṣòwò a máa kó aṣọ, tábà àti ọtí lé alárobọ̀ lọ́wọ́ láwìn, kí epo tó dé láti òkè. Kò sí báǹkì nítòsí. Orúkọ tí alárobọ̀ ní ni ohun ìdúró rẹ̀.

Bí orúkọ náà bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 (ọdún 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde), ṣàlàyé bí wọ́n ti ń gba gbèsè tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Olówó a rán ológò. Ológò a lọ dógò ti onígbèsè: a wọlé, a jókòó, a máa pariwo, a ní kí wọ́n fún òun ní oúnjẹ, adìẹ tí ó bá sì rí ní agbo ilé, a gbé e. Gbogbo ará ilé ni ń pín nínú ìyọnu yìí. Nítorí náà ni wọn kì í fi í jẹ́ kí onígbèsè sinmi títí yóò fi wá owó. Ẹni tí kò bá rí rárá lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe, èlé ni. Bí ó ṣe é fún ogún ọdún, ojú owó kò dín.

Ìkà wà nínú àṣà wọ̀nyí, kò sí àní-àní. Síbẹ̀, ojú ayé ni wọ́n ti ń ba orúkọ jẹ́, ojú ayé náà ni wọ́n sì ti ń tún un ṣe. Ọjọ́ tí owó bá pé, ológò yóò dìde, gbogbo agbo ilé yóò rí i pé ó lọ. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ yá owó yóò wá onígbọ̀wọ́. Ẹni tí ó bá ń dá èsúsú déédéé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè jẹ́rìí rẹ̀. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń kiri aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú ní ọ̀rúndún ogún, gba orúkọ wọn láti inú ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni n ó máa ló títí n ó fi gba owó mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá san tán, òṣómàáló kan náà ni yóò tún já aṣọ tuntun fún un.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yọ ọ̀gá báǹkì márùn-ún nípò, ó sì tẹ orúkọ àwọn tí ó jẹ báǹkì wọ̀nyẹn ní gbèsè sínú ìwé ìròyìn. Dógò ni èyí náà, àfi pé àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó dé bá. Ohun tí ó kan mẹ̀kúnnù kò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Báǹkì Àpapọ̀ ti gbé ìlànà jáde ní 2008 fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí yóò máa kó àkọsílẹ̀ gbèsè jọ. Ní 2014 ni nọ́ńbà BVN dé, tí ó so gbogbo àkáǹtì ẹnì kan pọ̀. Ní 2017, òfin kan pàtó jáde lórí àkọsílẹ̀ náà.

Báyìí, òṣìṣẹ́ tí ń gbé Ajah, tí ó fẹ́ yá owó ilé ọdún kan, lè gbọ́ "rárá" ní báǹkì nítorí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tí ó yá lórí fóònù tí ó sì gbàgbé. Kò sí ológò lẹ́nu ọ̀nà tí ì bá rán an létí. Ohun àkọ́kọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti ṣe ni kí ó béèrè àkọsílẹ̀ ara rẹ̀. Òfin fún un ní ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún. Bí gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀ bá wà níbẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé ta kò ó, kí wọ́n sì wádìí. Bí ó bá jẹ́ tirẹ̀, kí ó bá ayánilówó ṣàdéhùn, kí ó san án, kí ó gba lẹ́tà pé gbèsè tán, kí ó sì rí i pé ìròyìn náà dé inú àkọsílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: wọ́n san owó, wọn kò bèèrè lẹ́tà. Gbèsè tí a san kì í pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Yóò ṣì hàn pé ó pẹ́ kí a tó san án. Ẹ̀yáwó kékeré tí a san lásìkò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ni yóò máa borí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Dógò pẹ̀lú ti padà wọ inú fóònù. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan a máa kó nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù onígbèsè, wọn a sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ pé olè ni. Ní 2022, àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, gbé ìlànà jáde láti fòpin sí ìwà yìí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàárín ti òde òní àti èyí tí Johnson kọ sílẹ̀. Bí onígbèsè náà bá san gbogbo rẹ̀ tán lónìí, iṣẹ́ kan péré ni yóò wọlé sórí fóònù tirẹ̀ pé owó ti dé. Ìyá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn ará ìjọ kò ní í gba nǹkan kan.